Àdéhùn Ilé-ẹjọ́ láàrin Ẹ̀gbá àti Èkó

Ní ọdún 1893, Gómìnà Èkó bá àwọn Ẹ̀gbá dá májẹ̀mú: òmìnira wọn yóò dúró, bí wọn kò bá ṣáà ti dí ọ̀nà òwò. Ní 1904, nígbà Aláké Gbádébọ̀ Kìíní, Ẹ̀gbá tún fọwọ́ sí ìwé pé ilé-ẹjọ́ gíga Èkó ni yóò máa gbọ́ ẹjọ́ apànìyàn, àti ẹjọ́ àlejò tí kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá. Ìyókù wà lọ́wọ́ wọn. A gbà pé ó rọrùn fún àwọn oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ apànìyàn kì í ṣe ẹrù kékeré tí à ń gbé fún aládùúgbò. Iṣẹ́ Ògbóni ni láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní 1914, lẹ́yìn rúkèrúdò ní Abẹ́òkúta, ìjọba fagi lé májẹ̀mú 1893, Ẹ̀gbá sì di ara Nàìjíríà.