Ìpele àwọ̀
Ọ̀rọ̀-orúkọ, èdè iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Iye ìpele tí ojú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù lè fún pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ́kọ̀ọ̀kan: 256 ní 8-bit, 1,024 ní 10-bit.

Àpẹẹrẹ: Ìpele àwọ̀ fọ́tò náà kò tó, ojú ọ̀run lókè Ọ̀sà Èkó di abilà.

Ìlò: A kì í pè é ní “jíjìn àwọ̀”; kànga ni ó ń jìn. Ó yàtọ̀ sí HDR, tí í ṣe àyè láàárín òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀. Bí ìṣẹ́po agbádá funfun Ẹ̀yọ̀ bá pòórá nínú oòrùn Ìdúmọ̀tà, àyè ìmọ́lẹ̀ ni ó há, kì í ṣe ìpele àwọ̀ ni ó kéré. Windows àti ojú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ jọ gba HDR kí ó tó hàn.

Ẹ ṣọ́ àmì ohùn: awọ ni ti ẹran, àwọ̀ ni ti aṣọ.