Kòkòrò Kì í Jẹ Eyín

Bí ọmọ ọdún 7 bá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú ní Ìsọlọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ní kòkòrò ti ń jẹ eyín rẹ̀. Olóògùn inú ọkọ̀ ń fi ọ̀rọ̀ yìí kan náà ta ọjà: oògùn òun á lé kòkòrò jáde. Kì í ṣe àwa nìkan la gba èyí gbọ́. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ gbà á gbọ́, àwọn òyìnbó náà sì gbà á títí Pierre Fauchard, dókítà eyín ará Faransé, fi ta kò ó nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1728.

Ẹni tó bá ń fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ìtọ́jú eyín lè fẹ́ ju kòkòrò nù. Èmi ò ní jù ú nù. Ní 1890, W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní Berlin, ṣàlàyé pé àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú ẹnu ló ń sọ ṣúgà di ásíìdì tó ń yọ́ ara eyín. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ làwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n bá ń kọ́ wa ní ọwọ́ fífọ̀. Orúkọ náà dára, “jẹ eyín” ni kò dára. Súìtì tó lẹ̀ mọ́ eyín ni kòkòrò ń jẹ. Tó bá jẹ ẹ́ tán, á tọ̀ sí eyín lára, ìtọ̀ náà á sì kan. Àgbà lè ní ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí nìyẹn. Ọmọ á rẹ́rìn-ín, kò sì ní gbàgbé.

Ìwé èdè-ìperí, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ní Yorùbá, tí onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ló wà fún, wọ́n sì ráyè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tó ya ẹnu lórí àga dókítà kò ráyè yẹ ìwé kankan wò; ọ̀rọ̀ tó máa yé e lójú ẹsẹ̀ ló yẹ ká bá a sọ.

Ẹ wo abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí eyín dun ni. Bí a bá jókòó pẹ́, a ní ẹsẹ̀ kú. Ẹ wá sọ fún ọmọ ọdún 5 pé erìgì rẹ̀ máa kú! Ẹ ó lé e dé Ejìgbò kẹ́ ẹ tó mú un. Kí Àǹtí Dókítà sọ pé ibẹ̀ á ta díẹ̀, á wá sùn, bí ìgbà téèyàn run orín ata. Bí ọmọ ò bá mọ orín ata, ìyá àgbà tó mú un wá mọ̀ ọ́n.

Erìgì tí mo wí yìí, ẹran tó di eyín mú ni. Àwọn kan ń fi pe eyín inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ọmọdé ò lè máa gbé méjèèjì pọ̀. Eyín inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo pè é ní eyín ọlọ, nítorí lílọ̀ niṣẹ́ rẹ̀. Eyín 20 tí ọmọ kọ́kọ́ hù, tí ìwé kan ń pè ní eyín wàrà (kí ni wàrà ń wá níbẹ̀?), eyín àkọ́hù tẹ́ mi lọ́rùn.

Ibi tí orúkọ ti ṣe pàtàkì jù ni nǹkan bí ọdún 6, nígbà tí eyín ọlọ 4 ń yọ lẹ́yìn àwọn àkọ́hù láìjẹ́ pé eyín kankan ká. Ìyá tí kò rí eyín tó ká á rò pé àkọ́hù ni wọ́n. Bí wọ́n bá bàjẹ́, á ní òmíràn ń bọ̀. Kò sí òmíràn. Eyín ọlọ àìpààrọ̀ ni màá pè wọ́n. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀, àmọ́ mo fẹ́ kí ìyá gbọ́ “àìpààrọ̀” yẹn kó tó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò níwájú dókítà.