Àwọn Èròjà Tí Ó Wà Nínú Eyín àti Egungun

Ohun kan náà ni ó mú eyín àti egungun le. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní hydroxyapatite: kálíṣíọ̀mù àti fọ́sífétì ni ó so pọ̀ di ègé wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Kálíṣíọ̀mù nìkan kó nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Nínú gbogbo kálíṣíọ̀mù ara ènìyàn, ìdá 99 nínú 100 wà nínú egungun àti eyín. Èyí tí ó kù wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, níbi tí ọkàn àti iṣan ti ń lò ó.

Iye rẹ̀ ni kò dọ́gba. Nínú egungun, nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 ni èròjà líle yìí, omi tó nǹkan bí 10, ìyókù sì jẹ́ èyí tí ó rọ̀, pàápàá collagen, ìyẹn fọ́nrán purotéènì. Ara eyín gan-an, tí à ń pè ní dentine, ní nǹkan bí 70. Enamel, ìpele funfun tí ó bo eyín lóde, ní nǹkan bí 96. Kò sí ohun tí ó le tó o nínú ara ènìyàn.

Òṣìṣẹ́ ìlera lè fi egungun itan adìyẹ ṣàlàyé èyí fún àwọn ìyá. Bí a bá rẹ ẹ́ sínú fínígà fún ọjọ́ mélòó kan, kálíṣíọ̀mù yóò yọ́ jáde, egungun náà yóò sì máa tẹ̀ bí rọ́bà. Bí a bá jó òmíràn nínú iná títí ó fi funfun, collagen rẹ̀ ni ó jóná. Bí a bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò rún.

Egungun ọmọ tí kò rí kálíṣíọ̀mù jẹ tó kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti inú fínígà yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a tẹ̀ bí ọrun ọfà, tàbí kí orúnkún rẹ̀ máa gbá ara wọn. Ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ a wú. Ríkẹ́ẹ̀tì ni èyí. Ọ̀pọ̀ ìwé ti ilẹ̀ òkèèrè sọ pé àìtó oòrùn àti fítámínì D ni ó ń fà á, ṣùgbọ́n oòrùn kò wọ́n wa ní Nàìjíríà. Ní Jos, àwọn oníṣègùn tọ́jú ọmọ 123 tí wọ́n ní àrùn yìí fún ọ̀sẹ̀ 24, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1999. Kálíṣíọ̀mù inú oúnjẹ wọn kò ju nǹkan bí mílígíráàmù 200 lọ lójúmọ́. Àwọn tí a fún ní kálíṣíọ̀mù, yálà pẹ̀lú fítámínì D tàbí láìsí i, sàn ju àwọn tí a fún ní fítámínì D nìkan lọ.

Nítorí náà, ògì tàbí fùfú nìkan kò tó fún ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú. Ẹ fi wàrà kún un, tàbí ẹja wẹẹrẹ gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná teegunteegun. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń tẹ̀, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí yóò nà fúnra rẹ̀.

Ara máa ń wó egungun lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ó sì ń tún un kọ́ títí ọjọ́ ogbó. Ti enamel kò rí bẹ́ẹ̀: ohun abẹ̀mí tí ó ṣe é ti kú kí eyín tó hù síta. Itọ́ àti fúlúóráìdì inú ọṣẹ ìfọyín lè dá èròjà padà sí ibi tí kíkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ, ṣùgbọ́n wọn kò lè dí ihò tí ó ti lu. Fúlúóráìdì tí ó pọ̀ jù nínú omi mímu ìgbà èwe náà a máa ba àwọ̀ eyín jẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní Langtang, Ìpínlẹ̀ Plateau.

Inú oyún ni eyín ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í le, láti nǹkan bí oṣù kẹrin. Oògùn tetracycline, tí àwọn kan ń rà láìgba ìwé dókítà, a máa so mọ́ kálíṣíọ̀mù eyín tí ń dàgbà lọ́wọ́. Aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 kò gbọdọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà pàṣẹ. Àwọ̀ pípọ́n tàbí eérú tí ó ń fi sílẹ̀ wà nínú ara eyín. Orín àti búrọ́ọ̀ṣì kò lè fọ̀ ọ́ kúrò.