Ìjìnnà sí Òkun àti Ìtàn Ìlú Wa

Ní ọ̀rúndún 18 àti 19, ọmọ ogun Dàhòmì a máa gòkè wá sí ilẹ̀ Màhì àti ti Yorùbá ní àríwá Abomey, wọn a sì kó ènìyàn lọ sí Ouidah fún títà. Àwa ọmọ Savalou àti Bantè kò gbàgbé. Ìbéèrè kan ni ìrántí náà fi sílẹ̀ fún wa: ǹjẹ́ òwò ẹrú ni ó bí àìfọkàntánni tí a ń rí títí di òní?

Ní ọdún 2011, Leonard Wantchekon, ọmọ Zagnanado, pẹ̀lú Nathan Nunn, dáhùn ìbéèrè yìí nínú ìwé àtìgbàdégbà American Economic Review. Wọ́n fi iye ẹrú tí a kó láàárín ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wé ohun tí àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè 17 ní Áfíríkà sọ ní ọdún 2005 nípa bí wọ́n ṣe fọkàn tán mọ̀lẹ́bí, aládùúgbò àti ìjọba ìbílẹ̀. Bí ẹrú tí a kó ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìfọkàntánni dínkù láàárín àwọn àtọmọdọ́mọ.

Ṣùgbọ́n èwo ló ṣáájú? Bóyá àwọn tí kò fọkàn tán ara wọn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ta ara wọn jù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a ó ní ìwà wa ni, kì í ṣe ìyà tí ó jẹ wá. Ibí ni ẹ̀kọ́ econométrie, tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ti wúlò. Ọ̀nà variable instrumentale ni pé kí a wá ohun kan tí ó mú òwò ẹrú pọ̀ tàbí kéré, ṣùgbọ́n tí kò ní ọ̀nà mìíràn tí ó fi lè kan ìfọkàntánni. Ìjìnnà sí òkun ni wọ́n mú. Wọ́n sì dán an wò ní Éṣíà, níbi tí òwò Àtìláńtíìkì kò dé: níbẹ̀, ìjìnnà sí òkun kò ní í ṣe pẹ̀lú ìfọkàntánni.

Ìtàn tiwa ní ohun tí yóò fi kún un. Savalou àti Bantè jìnnà sí Ouidah. Síbẹ̀, Dàhòmì tí ó wà láàárín àwa àti òkun gbé etí òkun wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Kìlómítà nìkan kò lè wọn irú ìjìnnà bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ń sọ bí ọ̀ràn ṣe rí láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lápapọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìlú kan, ẹnu àwọn àgbà ìlú náà ni a ti ń gbọ́ ọ.

Nítorí náà a rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà ní Abomey-Calavi àti Parakou: kí ẹ tó ka ènìyàn, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. A sì bẹ ẹ̀yin àgbà: ẹ má fi ìtàn pamọ́ fún ọmọ tí ó bá mú ìwé àti kálámù wá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.