Bushiya: ẹranko ẹlẹ́gùn-ún tó lè bá wa gba ẹ̀fọ́ lẹ́nu ìgbín

Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀ ní Kàdúná, ẹni tó bá gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú sẹ́yìn ilé mọ ohun tójú ń rí. Ilẹ̀ á mọ́, ewé á ti lu bí ajere, ipa omi yíyọ̀ á máa dán lórí ilẹ̀. Iṣẹ́ ìgbín kéékèèké ni, àtèyí tí kò ní ìkarahun. Ọ̀pọ̀ nínú wa á sáré ra ọtapiapia. Ṣùgbọ́n ohun tá a bá fín sí ẹ̀fọ́, àwa náà la máa jẹ ẹ́. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa dichlorvos inú ìgò kékeré mílílítà 100.

Olùrànlọ́wọ́ kan wà tí a kì í kà sí. Àwọn Hausa ń pè é ní bushiya. Kì í ṣe òòrẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní beguwa, tó máa ń ba oko jẹ́. Bushiya kéré, ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 250 sí 600. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, á ká jọ bíi bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe eku náà. Òru ló ń jẹ̀, ohun tó sì ń jẹ ni kòkòrò, ikán, ìdin, ọ̀kùn àti ìgbín.

Bí a ṣe lè gbà á láàyè:

1. Ọ̀nà. Fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù ló ń dí i lọ́nà. Ní Ìlú Ọba, àwọn onílé ń dá ihò sẹ̀ǹtímítà 13 níbùú lóòró sí ìsàlẹ̀ ọgbà kí irú tiwọn lè kọjá. Ẹ sọ fún lánlọ́ọ̀dù àti aládùúgbò kẹ́ ẹ tó lu ògiri.

2. Ibùsùn. Ẹ kó ewé gbígbẹ àti igi díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan tó jìnnà sílé, torí ejò náà fẹ́ràn irú ibẹ̀. Ẹ má da àjẹkù oúnjẹ sí i, eku ló máa pè wá. Ẹ tú u wò kẹ́ ẹ tó sun pàǹtí. Bushiya lè má sá, ó lè ká jọ síbẹ̀.

3. Omi. Abọ́ pẹlẹbẹ ti tó. Ẹ má fún un ní mílíìkì, inú rẹ̀ kò gbà á.

4. Oògùn. Ẹ pa á tì. Bushiya tó bá jẹ ìgbín tàbí kòkòrò tó ti jẹ májèlé lè kú.

Ẹ má retí pé yóò jẹ ìgbín tán o. Kòkòrò ló ń jẹ jù. Ẹ ṣì máa fi tọ́ọ̀ṣì ṣa ìgbín lálẹ́, kẹ́ ẹ sì máa bomi rin ẹ̀fọ́ láàárọ̀ dípò ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ má baà tutù mọ́jú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oúnjẹ bá wọ́n, ó lè sùn pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Bí wọ́n bá gbé e wá tà fún yín, ẹ má rà á. Èyí tó wà nínú àgò kò lè ṣọ́ ọgbà, ó sì lè kó àrùn inú ríru ranni. Báwọn ọmọ bá mú un nínú ọgbà, ẹ ní kí wọ́n dá a padà síbi tí wọ́n ti rí i, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọwọ́.