Alóre inú ara: níbo ni wọ́n ti ń wá?

Sẹ́ẹ̀lì tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dendritic cell ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Alóre ni èmi ń pè é, torí òun ló ń rí kòkòrò àrùn, tó sì ń gbé àmì rẹ̀ lọ han àwọn ọmọ-ogun ara.

Lọ́dún 1868, ní Berlin, Paul Langerhans, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, fi èròjà wúrà kun awọ ara èèyàn, ó sì rí sẹ́ẹ̀lì tó yọ ẹ̀ka bí igi. Ó rò pé ara iṣan ìmọ̀lára ni. Ó di 1973 kí Ralph Steinman àti Zanvil Cohn, ní Rockefeller University, New York, tó ṣàpèjúwe irú rẹ̀ lára eku, tí wọ́n sì fún un lórúkọ.

Ẹ má rò pé ayé pàtẹ́wọ́ fún wọn o. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣiyèméjì fún ọdún gbọọrọ. Sẹ́ẹ̀lì náà kò pọ̀, kò pé 2 nínú 100, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sìn ín. Ohun téèyàn ò rí kó jọ, báwo ló ṣe fẹ́ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn?

Àtorírun ni ìdáhùn ti wá. Lọ́dún 1992, Kayo Inaba ará Japan, pẹ̀lú Steinman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, mú sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn egungun eku, wọ́n fún un ní GM-CSF, èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí kò lẹ́ka tẹ́lẹ̀ ti yọ ẹ̀ka. Ní 1994, ní Basel, Federica Sallusto àti Antonio Lanzavecchia fi IL-4 kún un, mónósáìtì inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn náà sì di alóre.

Inú àwo nìyẹn ṣá. Nínú ara gan-an, púpọ̀ nínú wọn kì í gba ọ̀nà mónósáìtì. Wọ́n ní ìpìlẹ̀ tiwọn nínú mùdùnmúdùn. Ti Langerhans tún yàtọ̀: látinú oyún ni àwọn ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wọ awọ ara.

Nígbà tí jẹjẹrẹ mú Steinman ní 2007, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì yìí kan náà tọ́jú rẹ̀. Ó kú ní September 30, 2011. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n kéde orúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel. Wọn ò mọ̀ pé ó ti lọ. Wọn kì í fún òkú, ṣùgbọ́n wọn ò gbà á padà. Bóyá ìtọ́jú náà ló fi ọdún kún ọdún rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ò lè jẹ́ ẹ̀rí ìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí Steinman fúnra rẹ̀ fi ọdún gbọọrọ kọ́ nìyẹn.