Nígbà Tí Gbogbo Wa Di Ìwọ̀fà: Ìtàn Gbèsè Nàìjíríà láti 1978 sí 2006



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa yóò ti gbọ́ orúkọ náà, ìwọ̀fà, bí ẹ kò tilẹ̀ bá a láyé. Bí ọkùnrin kan láyé àtijọ́ bá fẹ́ sin òkú bàbá rẹ̀, tàbí tí ó fẹ́ gbé ìyàwó, tí owó kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀, yóò lọ bá olówó, yóò yá owó, yóò sì fi ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa bá olówó náà ṣiṣẹ́ lóko. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe kì í dín gbèsè kù. Èlé ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bí ó kọ ebè fún ogún ọdún, iye tí bàbá rẹ̀ gbà ní ọjọ́ kìn-ín-ní náà ni yóò san pé pérépéré kí olówó tó yọ̀ǹda ọmọ fún un. Àwọn mìíràn wà lóko yẹn tí wọn kò tí ì dáyé nígbà tí wọ́n pa màlúù òkú tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yáwó.

Ìjọba òyìnbó fi òfin fòpin sí ìwọ̀fà. Ṣùgbọ́n láàrin 1978 sí 2006, ojú wa tún rí irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìjọba ni bàbá tí ó yáwó, àwa mẹ̀kúnnù ni ọmọ tí ó wà lóko.

Gbèsè tí Nàìjíríà jẹ kò pọ̀ tẹ́lẹ̀, èlé rẹ̀ sì fúyẹ́. Ní 1978, nígbà tí owó epo dín díẹ̀, ìjọba ológun ìgbà náà lọ yá 1 bílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ àwọn báńkì ńláńlá lókè òkun. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti yọ̀. Èlé orí irú owó bẹ́ẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí èlé bá ti ń gòkè ní Amẹ́ríkà àti ní Lọ́ńdọ̀nù ni tiwa náà yóò máa gòkè tẹ̀lé e. Láàrin 1980 sí 1981, èlé tí àwọn báńkì Amẹ́ríkà ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tí wọ́n fọkàn tán jùlọ pàápàá kọjá 20 nínú 100.

Ọdún 1979 ni àwọn olóṣèlú gbàjọba. Epo ń gbówó lórí nígbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 dọ́là fún àgbá kan. Ta ni yóò bẹ̀rù gbèsè? Ìjọba àpapọ̀ yá, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ náà yá. Wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ irin ràgàjì sí Àjàòkúta, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ pé kò tí ì yọ́ irin títí di òní. Lẹ́yìn náà ni ọjà epo dojú dé. Owó tí epo mú wọlé ní 1980 tó nǹkan bí 25 bílíọ̀nù dọ́là. Ní 1986, kò ju nǹkan bí 6 bílíọ̀nù lọ.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Áyà tí ó gùn jùlọ nínú Alùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, áyà 282 nínú Súrátùl Bákárà, ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó dá lé lórí látòkè délẹ̀: pé kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí akọ̀wé rẹ̀ má ṣègbè, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Nàìjíríà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí dọ́là gbẹ, tí àwọn oníṣòwò òkè òkun tí wọ́n ti fi ọjà ránṣẹ́ sí wa láwìn kó ìwé gbèsè wọn dé, báńkì Amẹ́ríkà kan, Chase Manhattan, ni ìjọba háyà kí ó wá bá wa ka iye tí a jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé tí wọ́n kó wá náà ni kò ní ẹ̀rí tí ó múná nídìí. Ọdún 2000 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá DMO sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí yóò máa kọ gbogbo gbèsè orílẹ̀-èdè yìí sójú kan. Kí ó tó di ìgbà náà, ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń ka tirẹ̀, òǹkà wọn kì í sì í bára mu. Ọdún 22 ni a fi jẹ gbèsè kí á tó ní akọ̀wé.

Àwọn òbí tí wọ́n ń ka ìwé yìí kò ní gbàgbé 1984 àti 1985. Ìjọba Ọ̀gágun Buhari àti Idiagbon kò gbà kí wọ́n já náírà wálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí IMF, àjọ owó àgbáyé tí ó wà ní Washington, ti ń fẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń san gbèsè, ó sì ń gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ọjà wa ń pa lókè òkun. Èyí tí ó ṣẹ́kù kò tó kó ọjà wọlé. A tò sórí ìlà nítorí mílíìkì, nítorí ṣúgà, nítorí òróró àti ọṣẹ ìfọṣọ. Ẹni tí ó bá dúró kírun àsùbá tán ní mọ́sáláásí yóò bá ìlà tí ó ti gùn kọjá ojúde kejì. A kò sì ní purọ́ fún yín: nínú àwọn tí wọ́n ń kó mílíìkì pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ó lè wọ́n sí i, a rí àwọn tí a jọ ń tò sí sááfù kan náà, tí wọ́n mọ̀ dájú pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ irú ìwà bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́pọ̀ yanturu. Owó ilé-ìwé tí ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó ti mú kúrò lẹ́yìn 1979 tún padà dé, wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà ni.

Ní 1985, Ọ̀gágun Babangida ní kí ará ìlú sọ bóyá kí á gba owó IMF tàbí kí á má gbà á. A jiyàn nínú ìwé ìròyìn, lórí rédíò, nínú ọkọ̀ èrò. Ará ìlú ní rárá. Ní December, ìjọba ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kí 1986 tó kọjá ìdajì, ohun tí IMF ń béèrè náà ti di ètò ìjọba. SAP ni wọ́n pè é, ẹnu ará ọjà sì sọ ọ́ di Sáàpù.

Láyé àtijọ́, bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, olówó yóò rán ẹni tí yóò dógò tì í. Ẹni náà yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, yóò máa bú u, yóò pa adìyẹ tí ó bá rí jẹ, kò sì ní dìde títí wọn yóò fi sanwó. Nàìjíríà kò fa kọ́bọ̀ kan nínú owó IMF ní àwọn ọdún Sáàpù wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n bí IMF kò bá fọwọ́ sí ètò wa, àwọn ayánilówó yòókù kò ní gbà kí á sún ọjọ́ ìsanwó síwájú. Kò yá wa lówó, ó sì dógò tì wá.

Ní 26 September 1986 ni wọ́n ṣí ọjà tí wọ́n ti ń ta dọ́là. Dọ́là tí kò tó 2 náírà tẹ́lẹ̀ fò lọ sí nǹkan bí 4 náírà 60 kọ́bọ̀. Ìjọba tí ń ta epo, dọ́là ni ó ń gbà, dọ́là náà ni ó fi ń san gbèsè. Ẹni tí ń gba owó oṣù ní náírà ni ó kàn. Òfin 1981 fi owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jùlọ sí 125 náírà. Ní ọdún náà, 125 náírà tó nǹkan bí 200 dọ́là. Nígbà tí ọjà dọ́là ṣí, kò tó 30 dọ́là mọ́, 125 náírà náà ni òṣìṣẹ́ sì ń gbà.

Oògùn, ìwé, ẹ̀yà ara mọ́tò, gbogbo èyí ni dọ́là ń mú wá. Mọ́tò tuntun di ohun tí a ń wò lójú àlá, a wá gba Kútọnu kó àlòkù òyìnbó wọlé. Orúkọ tí a ń fún ọmọ tí a bí lókè òkun, Tòkunbọ̀, ni a fún wọn. Àwọn dókítà wa lọ sí Sáúdí Arébíà, tí àwọn Alhaji kan fi padà wá sọ fún wa pé ọmọ Yorùbá ni ó tọ́jú àwọn nígbà tí ara àwọn kò yá ní Jídà. Nílé níbí, aláìsàn ń ra abẹ́rẹ́ àti owú lọ́wọ́ kí ó tó lọ sí ọsibítù.

Ti àgbẹ̀ kòkó yàtọ̀, ó sì yẹ kí á sọ ọ́. Ní 1986, ìjọba tú àjọ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn ní owó pọ́ọ́kú ká. Owó kòkó gòkè fíofío, àwọn àgbẹ̀ kan kọ́lé, àwọn kan lọ sí Hájì. Ṣùgbọ́n oògùn kòkó àti àdá náà gòkè. Àwọn tí ń sáré wá dọ́là wá ń ra èyí tí ó gbẹ àti èyí tí kò gbẹ pọ̀, títí orúkọ kòkó wa fi bàjẹ́ lókè òkun.

Ní January 1987, kí dọ́là má baà máa ṣòfò, ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọlé. Búrẹ́dì di ọ̀wọ́n. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ọjà náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó wà ní kíláàsì kẹta girama, ẹni ọdún 14, kò padà sí ilé-ìwé lẹ́yìn ìsinmi. Òun ni ó ń gbé igbá kiri kí àwọn àbúrò rẹ̀ lè kàwé. Kò sí ẹni tí ó bá ìyá náà wí. Ilé tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ pọ̀.

Ní May 1989, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìwọ́de bẹ̀rẹ̀ ní Benin, kí oṣù náà tó parí ó ti dé Èkó. Ẹ̀mí ṣòfò. Ìjọba kó bọ́ọ̀sì jáde, ó dá Báńkì Aráàlú sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, Sáàpù sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Gbogbo ìyà yìí, ǹjẹ́ ó dín gbèsè kù? Ní 1985, gbèsè tí a jẹ lókè òkun tó nǹkan bí 19 bílíọ̀nù dọ́là. Ní 1990, ó di 33 bílíọ̀nù. Èlé tí a kò rí san ni wọ́n ń kó lé orí gbèsè, tí òun náà yóò tún máa bí èlé. Ní 2000, Ààrẹ Obasanjo sọ fún ayé pé nǹkan bí 5 bílíọ̀nù dọ́là ni a yá títí di nǹkan bí 1985, pé a ti san nǹkan bí 16 bílíọ̀nù, síbẹ̀ wọ́n ní a ṣì jẹ nǹkan bí 28 bílíọ̀nù. Àwọn olùṣirò lè bá a jiyàn lórí iye tí a yá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka áyà 130 nínú Súrátu Áálì Imuráànà, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ èlé tí ń di ìlọ́po lórí ìlọ́po, yóò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ní October 2005, àwọn orílẹ̀-èdè ayánilówó tí a ń pè ní Paris Club gbà láti fi 18 bílíọ̀nù dọ́là jì wá nínú nǹkan bí 30 bílíọ̀nù tí a jẹ wọ́n. Àwa yóò san èyí tí ó kù, ó lé ní 12 bílíọ̀nù, láìpẹ́ ọjọ́. Ngozi Okonjo-Iweala ni mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà. Ní April 2006 ni ìjọba san ìgbẹ̀yìn rẹ̀. A gbọ́ ọ nínú ìròyìn rédíò ní ìrọ̀lẹ́, inú wa sì dùn. Ọmọ ìyá alábúrẹ́dì ti di ẹni ọdún 33 nígbà náà. Ó ti bímọ mẹ́rin, igbá náà sì ni ó ṣì ń gbé.